BẸ́LÍÌTÌ MỌ́TÒ TÓ JÁ LÓJÚ Ọ̀NÀ ỌJÀ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti àjọ. Ti mọ́tò ni. Àwọn kan lè sọ pé, "Èwo ni tèmi nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò? Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni ọjà wa ń gbà kó tó dé orí àtẹ. Bí mọ́tò bá kú sáàárín igbó, tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ẹja tútù kò mọ̀ pé dẹ́rẹ́bà ṣì ń wá mẹkáníìkì kiri. Àwa la ni àdánù.

Nínú ohun tó máa ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, ọ̀kan wà tí owó rẹ̀ kéré, tó sì lè ba ohun ńlá jẹ́. Òun ni bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Bó bá já, bẹ́líìtì nìkan ló bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn náà ló máa sọ bóyá bẹ́líìtì la máa rà, tàbí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ WO Ẹ̀RỌ ÌLỌTA

Kò sí ọjà tí kò ní ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ẹ̀rọ tó ń lọ ata wà lápá kejì, bẹ́líìtì gígùn kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, bẹ́líìtì ń gbé agbára náà lọ fún ẹ̀rọ, ata ń kúnná. Bí bẹ́líìtì bá dẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n ata ò lọ bó ṣe yẹ. Bó bá wá já, ẹ́ńjìnnì kò kú o, ó ṣì ń dún gbùgbùgbù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlọta ti dúró. Bákan náà ni maṣíìnì aránṣọ: ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́líìtì ti bọ́, abẹ́rẹ́ ò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀.

Bó ṣe rí nínú mọ́tò nìyẹn. Irin gbọọrọ kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tí gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, kiránkì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Púlì wà ní orí rẹ̀. Bẹ́líìtì gba orí púlì yìí, ó sì lọ ń yí àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀kan ni ọtanétọ̀, tó ń ṣe iná tó ń wọ inú bátìrì. Òmíràn ni pọ́ńpù omi, tó ń lé omi láti inú rédíétọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, tó sì tún ń lé e padà kó lọ tutù. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́, ara pọ́ńpù omi yẹn gan-an ni fáànù wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè é ní fáànù bẹ́líìtì títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná bátìrì ló ń yí fáànù ọ̀pọ̀ mọ́tò ìsinsìnyí. Bẹ́líìtì lè máa yí pọ́ńpù sítíárìn náà, àti ẹ̀rọ amúlétutù.

Nínú mọ́tò àtijọ́, bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń wà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ti ìsinsìnyí sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ó gùn, ó pẹlẹbẹ, ó ní ìlà ìlà nínú, ó sì ń lọ́ bí ejò láti púlì kan dé òmíràn. Ẹyọ kan yẹn bá já, gbogbo wọn dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà wa tó gun Volkswagen Ìjàpá máa rántí pé kò lo omi rárá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tù ú lára, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí dáínámò àti fáànù atẹ́gùn náà pọ̀. Nítorí náà, bí iná pupa dáínámò bá tàn nínú Ìjàpá, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà kì í bá a jiyàn, ó máa dúró. Ìwà yẹn dára. Ó yẹ kó ṣì wà lónìí.

INÁ PUPA TÓ NÍ ÀWÒRÁN BÁTÌRÌ

Bí bẹ́líìtì bá já, ẹ lè gbọ́ "pàá!" lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tàbí kí nǹkan máa na irin gbàgbàgbà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí ẹ máa rí ni iná pupa kékeré tó ní àwòrán bátìrì, ní iwájú dẹ́rẹ́bà. Lẹ́yìn náà sítíárìn lè wúwo lójijì. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ géèjì ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Iná pupa yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà jẹ. Wọ́n á ní, "Chájì lásán ni." Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ chájì ni iná náà ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bẹ́líìtì tó ń yí ọtanétọ̀ náà ló ń yí pọ́ńpù omi. Bí ọtanétọ̀ bá dúró nítorí pé bẹ́líìtì já, omi náà ti dúró nìyẹn. Omi wà nínú rédíétọ̀ o, ó kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n kò lọ síbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ooru yẹn ṣe pọ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 6,000 ni epo ń jóná nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan yẹn. Omi tó ń yí kiri nìkan ni kò jẹ́ kí irin yẹn bàjẹ́. Bí omi bá dúró, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á kọjá ohun tí irin lè gbà. Tọ́ọ̀pù sílíńdà á wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á ráàyè wọ inú ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí i tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, tí èéfín funfun sì ń tú jáde lẹ́yìn mọ́tò láìdáwọ́dúró, ó ti dé bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá tún ń lọ síwájú, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká mú un pé bọ́ọ̀sì kan kó ata àti tòmátì láti Ṣakí, ó ń bọ̀ ní Bódìjà n'Ìbàdàn. Ó ti kọjá Ìṣẹ́yìn, kò tíì dé Mọ́níyà. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Iná pupa tàn. Ìyá tó jókòó níwájú bèèrè pé, "Dẹ́rẹ́bà, iná kí nìyẹn?" Òun náà dáhùn pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, chájì ni, a ó wò ó tá a bá dé Mọ́níyà." Láti ẹ̀yìn, àwọn mìíràn ti ń pariwo: "Má dúró síbí o! Ta ló fẹ́ sun inú igbó? Tòmátì mi ti ń rọ̀!"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Kì í ṣe dẹ́rẹ́bà nìkan ló ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ariwo wa náà ń bá a ṣe é. Bí dẹ́rẹ́bà yẹn bá dúró lójú ẹsẹ̀, ọlọ́kadà kan lè lọ ra bẹ́líìtì wá, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ sì lè fi sí i kó má tó wákàtí kan nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ọjà á pẹ́ dé, tòmátì díẹ̀ á rọ̀, a ó tà á ní ẹ̀dínwó fún àwọn alásè, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá ń sáré lọ, kò ní dé Mọ́níyà tí wọ́n ń wí. Ibi tó bá kú sí, ibẹ̀ ni a ó ti máa wá mọ́tò mìíràn lóru, tí onímọ́tò náà á sì pe iye tó wù ú, nítorí ó rí i pé ọwọ́ wa ti há. Ẹrù á já láti inú ọ̀kan sínú òmíràn, apẹ̀rẹ̀ á fọ́, ata á dànù. Onímọ́tò tirẹ̀ á lọ bẹ̀rẹ̀ owó ẹ́ńjìnnì.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ dúró lálẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí dẹ́rẹ́bà pa gbogbo ohun tó ń jẹ iná, kó rọra wa mọ́tò lọ síbi tí èèyàn wà, kí ojú rẹ̀ má sì kúrò lára géèjì ooru. Bí ọwọ́ géèjì bá ti ń sún mọ́ ibi pupa, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó dúró kí ó tutù dáadáa, kó tó tún lọ díẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ fún ibi tó le nìyẹn. Kì í ṣe bí a ṣe ń lọ sílé. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: bí omi bá ti tán pátápátá nínú ẹ́ńjìnnì, ọwọ́ géèjì lè padà wálẹ̀, kó dà bíi pé ara mọ́tò ti balẹ̀. Irọ́ ni. Nǹkan tó ń wọn ooru náà kò rí omi wọ̀n mọ́ ni.

Nípa búréèkì, ẹ̀yin tí ẹ ń háyà bọ́ọ̀sì onídísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Nínú àwọn kan lára wọn, pàápàá àwọn Hiace onídísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ọtanétọ̀ ni pọ́ńpù tó ń ran búréèkì lọ́wọ́ wà. Bí bẹ́líìtì bá já, búréèkì lè le bí òkúta lẹ́yìn títẹ̀ mélòó kan. Ó ṣì ń mú o, ṣùgbọ́n àfi kí dẹ́rẹ́bà fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mọ́tò tó kó ẹrù kún orí, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kò gbọ́dọ̀ máa bá irú ìyẹn lọ.

OMI GBÍGBÓNÁ KÌ Í ṢE ERÉ

Bí mọ́tò bá ti dúró, ẹni kan á sáré mú kẹ́ẹ̀gì omi, á ní kí wọ́n ṣí rédíétọ̀. Ẹ dá a dúró! Ideri rédíétọ̀ ń dé omi mọ́lẹ̀ tagbára-tagbára, tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú rẹ̀ lè gbóná ju ìwọ̀n 100 lọ láìtíì hó. Bí ẹ bá ṣí i nígbà yẹn, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fò jáde sójú ẹni tó ṣí i. Ẹni tí omi ẹ̀bà ti dà sí lọ́wọ́ rí mọ bí ó ṣe ń rí, èyí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, títí ọwọ́ á fi lè gba orí rédíétọ̀ láìjóni. Ẹ má sì da omi tútù sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ ti rí ìkòkò amọ̀ tó kúrò lórí iná tí wọ́n bomi tútù sí. Tọ́ọ̀pù sílíńdà náà lè sán bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà máa ń sọ nípa sítọ́kìn obìnrin, pé bí bẹ́líìtì bá já, kí wọ́n so sítọ́kìn dípò rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ti ń dán an wò tipẹ́ lórí bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́, ó sì lè yí pọ́ńpù omi fún ìrìn díẹ̀, bí wọ́n bá so ó le. Lórí bẹ́líìtì pẹlẹbẹ ti ìsinsìnyí, kò wúlò. Ẹ fi sítọ́kìn yín sẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́.

KÍ LÓ Ń JÁ A?

Ọjọ́ orí ni, àti ooru. Rọ́bà ni bẹ́líìtì, pẹ̀lú okùn líle nínú rẹ̀. Bó bá pẹ́, á gan, á sán wẹ́wẹ́, etí rẹ̀ á máa hu bí aṣọ tí kò ní ìṣẹ́tí. Ọ́ìlì tó ń jò sí i á sọ ọ́ di rírọ̀. Bó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀ lórí púlì, á sì máa jó. Bó bá le jù, á máa fa bíárìn ọtanétọ̀ àti ti pọ́ńpù omi ya.

Ariwo "fíìì" tí ẹ ń gbọ́ láàárọ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáátì mọ́tò, tàbí tí mọ́tò bá kọjá nínú omi òjò, bẹ́líìtì ló sábà máa ń ké bẹ́ẹ̀. Bí iná iwájú mọ́tò bá ń dín kù tó ń pọ̀ sí i lálẹ́, tí iná pupa bátìrì ń tàn tó ń kú, ìkìlọ̀ ni. Kí dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, kó fi àtàńpàkò tẹ bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín púlì méjì tó jìnnà síra jù. Kò gbọ́dọ̀ wọlé ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ọ̀kan àbọ̀ lọ. Ti bẹ́líìtì pẹlẹbẹ, púlì kan tó ní ìrọ́ nínú ló sábà máa ń fà á le fúnra rẹ̀, púlì yẹn náà sì lè kú. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì tuntun kì í tètè sán. Inú ìlà rẹ̀ ló ń jẹ lọ díẹ̀díẹ̀ bí bàtà, nítorí náà, pé kò sán kò túmọ̀ sí pé ó ṣì dára.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni bẹ́líìtì tuntun tó já lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. A ó ní ayédèrú ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bíárìn ọtanétọ̀ tàbí ti pọ́ńpù omi ló ti gan, tí púlì rẹ̀ ò yí mọ́, tí bẹ́líìtì ń fi ara ha irin títí ó fi jóná. Kí mẹkáníìkì tó fi tuntun sí i, kó fi ọwọ́ yí gbogbo púlì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá le, tó ń ha, tàbí tó ń mì, òun ni olè.

TAIMÍǸ BẸ́LÍÌTÌ: ÈYÍ TÍ KÌ Í KÌLỌ̀

Bẹ́líìtì kejì wà tí ẹ kò lè rí, nítorí inú ideri ló ń gbé. Ó ní eyín, kì í yọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so kiránkì mọ́ irin tó ń ṣí àwọn fáàfù tó sì ń pa wọ́n dé, kí písítìn àti fáàfù má ṣe pàdé. Ẹ ronú nípa ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, ọmọ odó méjèèjì á kọ lu ara wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí taimíǹ bẹ́líìtì bá já: písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí àyè wà láàárín, tí kò sí ohun tó máa tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn dá ara yín lójú.

Èyí kì í tan iná pupa ṣáájú, kì í sì í sábà ké. Mọ́tò á kàn kú lójijì lórí eré. Kí dẹ́rẹ́bà di sítíárìn mú, kó tẹ búréèkì gírígírí láìtẹ̀ ẹ́ látẹ̀túntẹ̀, kó rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kó má yọ kọ́kọ́rọ́ kí mọ́tò tó dúró, kí sítíárìn má bàa ti. Bó bá tún sítáátì, tí ẹ́ńjìnnì ń yí fẹrẹfẹrẹ bí ohun tí kò gbé nǹkan kan, kó fi í sílẹ̀! Gbogbo ìgbà tó bá tún yí kọ́kọ́rọ́, ó lè máa tẹ fáàfù sí i.

Kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló ní in. Àwọn mìíràn ń lo ṣéènì irin, èyí tí kò ní ọjọ́ pípààrọ̀ bíi ti bẹ́líìtì, bí ọ́ìlì bá ń pé nínú ẹ́ńjìnnì. Toyota Sienna tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ sọ́jà jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Ti ọdún 1998 títí dé 2006, bẹ́líìtì ló ń lò, Toyota sì ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 90,000. Láti ti 2007 lọ, ṣéènì ni. Hiace tí a ń pè ní Hummer Bus, tó ní ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù 2.7, ṣéènì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ra mọ́tò fún dẹ́rẹ́bà láti máa ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Tókúnbọ̀ lẹ rà. Iye máìlì tó wà lójú rẹ̀, ta ló mọ ẹni tó ti fọwọ́ kàn án? Bó bá jẹ́ oníbẹ́líìtì, ẹ pààrọ̀ taimíǹ bẹ́líìtì lọ́jọ́ tí ẹ gbé e dé, kí ẹ kọ ọjọ́ náà àti iye máìlì sínú ìwé. Bó bá jẹ́ pé òun náà ló ń yí pọ́ńpù omi, bó ṣe rí nínú Sienna oníbẹ́líìtì yẹn, ẹ pààrọ̀ pọ́ńpù àti púlì tó ń fà á le pọ̀, nítorí iṣẹ́ títú náà kan náà ni. Bí dẹ́rẹ́bà bá sì wá sọ pé bẹ́líìtì ti ń ké, ẹ má sọ fún un pé kó mú owó ọ̀sẹ̀ wá ná. Ọ̀gá tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ dẹ́rẹ́bà láti máa fi iná pupa pa mọ́.

BÍ A ṢE Ń RÀ Á

Ẹ má lọ sọ fún oníspíà pé "bẹ́líìtì Toyota" lásán. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn bẹ́líìtì. Bí ẹ bá rí 6PK1230, 6 ni iye ìlà tó wà nínú rẹ̀, PK ni irú ìlà náà, 1230 sì ni gígùn rẹ̀ ní mìlímítà. Ẹ ka ìlà yẹn níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà lára mọ́tò, torí bó bá ti já tó sì jóná, ẹ lè má rí i kà mọ́. Ẹ má ra bẹ́líìtì àlòkù, kò sí bí ẹ ṣe lè mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Kí ọ̀kan wà nínú mọ́tò fún àpamọ́, pẹ̀lú sípánà tó lè tú u, nítorí bẹ́líìtì láìsí sípánà nínú igbó Ìṣẹ́yìn, ẹrù lásán ni. Ẹ fi í sínú ọ̀rá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ká gbọ̀ngbọ̀n, ẹ má gbé e sítòsí kẹ́ẹ̀gì epo, ẹ má sì jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà gbé e sí iwájú gíláàsì níbi tí oòrùn ti ń pa á látàárọ̀ dalẹ́.